Ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ mobáìlì, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ajárá níbí, ní Àgbádárìgì, ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi kejì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti di kọ́pùrà, ó sì ti lo ọdún márùn-ún ní téṣàn. Ní báyìí, ó ní mobáìlì, ikọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n ń rán lọ síbi rògbòdìyàn, lòun fẹ́ wọ̀, ó tilẹ̀ ń sọ pé bí Ọlọ́run bá ṣe é, òun máa bọ́ sí Counter Terrorism, ikọ̀ tó ń gbógun ti àwọn apániláyà. Ìyá rẹ̀ kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àgbà nínú Zàngbétò, awo tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọkùnrin ní í ṣọ́ òru. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní tó bá lọ, kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ẹ̀yin ti ṣe iṣẹ́ yìí títí ẹ fi fẹ̀yìntì. Ṣé iṣẹ́ obìnrin ni? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìrònú ọmọ. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀, ẹ ní mo ní kó jẹun, ebi kì í dá ọmọ padà sílé.

Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún wọ yúnífọ́ọ̀mù ti kọjá ẹni tí à ń jẹ́ kó lọ. Tó bá wù ú, yóò lọ. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín ni bóyá àdúrà yín ni yóò bá a lọ tàbí ìbínú yín, méjèèjì ò sì rí bákan náà lára ẹni tó wà nínú igbó lóru. Nítorí náà, ìbéèrè yín kan yòókù ni mo fẹ́ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló gbé àṣà sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Zàngbétò. Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, mo mọ bí ọkàn ṣe ń balẹ̀ tí a bá ń gbọ́ wọn lóru, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni àkóso awo náà wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n yín wo ìwọ̀ oòrùn díẹ̀, kó ré Sèmè kọjá. Ní ilẹ̀ Dàhọ́mì, níbi tí èdè wọn àti Ègùn ti jẹ́ ìbátan, ọba ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin tí wọ́n ń pè ní Mino. Ẹ̀gbọ́n yín ò nílò ògbufọ̀, ó mọ̀ pé "àwọn ìyá wa" ni. Ìbọn ni wọ́n ń gbé, wọn kì í ṣe alásè ọmọ ogun. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, wọ́n wà lára àwọn tó kọlu Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ohun tí àwọn onítàn ń sọ ni pé nígbà tí Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ni àwọn kan nínú ọ̀tá tí àwọn ń bá wọ̀yá ìjà, ṣe ni inú tún bí wọn sí i: àṣé obìnrin ló fẹ́ kó wa lẹ́rú? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sẹ́ni tó ní wọn ò mọ ìjà á jà. Ìtìjú ló ń dun Ẹ̀gbá. Ìtìjú yẹn gan-an ni mo rí lójú ọ̀pọ̀ ọkùnrin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ní agbára ni àwọn ń sọ, ẹ sì máa mọ̀ tó bá yá pé agbára kọ́.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní ti Dàhọ́mì jìnnà, ẹ rán an létí Ẹfúnróyè Tinúbú, tó ṣòwò ní Àgbádárìgì níbí kó tó di ẹni ńlá. (Òwò ọ̀hún ò mọ́ tán, ẹrú wà nínú rẹ̀, àwa tí a bí síbí ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.) Nígbà tí Dàhọ́mì tún padà wá bá Abẹ́òkúta ní 1864, òun ló ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Mi ò sọ pé òun fúnra rẹ̀ yìnbọn o. N ò ní purọ́ mọ́ òkú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀, ká bọ́ sí ìwé òfin, torí ibẹ̀ ni okùn tó so ẹsẹ̀ wa wà. Ọdún 1955 ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin síṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1968, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwa obìnrin. Ẹsẹ 121 ní kí á máa mójú tó ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ obìnrin àti ọmọdé. Ẹsẹ 122 ní wọ́n lè fi wá ṣe akọ̀wé, kí wọ́n fi wá dá tẹlifóònù lóhùn, kí ọkùnrin tó ń ṣe é lè bọ́ síta. Ẹsẹ 123 wá ni olórí wọn: wọn kò gbọdọ̀ ní kí obìnrin gbé ìbọn ṣe díríìlì, kò sì gbọdọ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí ìdánrawò kóńdó tàbí ti rògbòdìyàn. Díríìlì lásán ni mo ń sọ yìí, a ò tíì dé ojú ìjà. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àjẹ̀ láti kékeré, ẹ wá tì í sínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọkọ̀ sì dojú dé, ẹ ní ṣé ẹ ò rí i pé obìnrin ò mọ ọkọ̀ ọ́ wà.

Ẹ ní kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn án. Ẹsẹ 124 inú ìlànà kan náà ní kí ọlọ́pàá obìnrin tó bá fẹ́ lọ́kọ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá láti gba àyè, kó kọ orúkọ ọkùnrin náà, ibi tó ń gbé àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ìwà ọkùnrin náà bá dára, tí obìnrin náà sì ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á gbà fún un. Ọlọ́pàá ọkùnrin ò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó tó wọ́gi lé e. Ẹsẹ 127 ní kí wọ́n lé obìnrin tó bá lóyún láìlọ́kọ kúrò níṣẹ́. Òfin Ọlọ́pàá tuntun jáde ní 2020, síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìlànà 1968 náà ni wọ́n fi lé kọ́pùrà kan tó lóyún kúrò níṣẹ́ ní Èkìtì. Adájọ́ kan l'Ábùújá ò rí àbùkù níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ló padà dá ọmọ náà láre. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní obìnrin ò pọ̀ nínú mobáìlì torí pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ má bá a jà.

Wọ́n wà níbẹ̀ lónìí ṣá. Obìnrin wà nínú mobáìlì, wọ́n wà nínú Counter Terrorism, wọ́n wà nínú RRS tí ẹ ń rí lójú títì Èkó. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà, wọ́n ń gbé AK, wọ́n sì ń mí tajútajú sínú bí ọkùnrin ṣe ń mí i.

Ó wá ku agbára, tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣe àwáwí. N ò ní tàn yín. Ní gbogbogbòò, ọkùnrin lágbára apá àti èjìká ju obìnrin lọ, iṣẹ́ yìí sì ń béèrè apá àti èjìká. Ẹ̀wù ayẹta wúwo, àṣíborí wúwo, asà wúwo, ìbọn àti ọta rẹ̀ náà ń bẹ. Ìbéèrè tí ọkùnrin inú ikọ̀ máa ń bi, bó bá mutí tán tó ń sọ òótọ́, ni pé: bí wọ́n bá yìnbọn lù mí, ṣé ọmọ yìí lè wọ́ mi kúrò níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, mi ò bínú sí ẹni tó bá bi í. Ìdáhùn rẹ̀ ò sì sí lẹ́nu mi tàbí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ gbé àpò ìrẹsì 50 kílò kalẹ̀ (ẹ̀yin ará ọ̀nà Sèmè mọ èyí tí mò ń wí), ẹ tún fi ìkejì lé e, kí ọmọ náà wọ ẹ̀wù ayẹta, kó wọ́ ọ dé ibi tí wọ́n bá fàmì sí. Bó bá wọ́ ọ débẹ̀, ó parí. Bí kò bá lè wọ́ ọ, kó lọ ṣe eré ìdárayá sí i, kó padà wá. Ìpíndọ́gba obìnrin kọ́ ni ikọ̀ ń gbà síṣẹ́, ọmọ kan tó ní orúkọ ni. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń ru àpò àgbọn ní ọjà Àgbálátà láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì mọ sájẹ́ǹtì mobáìlì kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi sájẹ́ǹtì náà bóyá ó lè wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín: bí wọ́n bá fẹ́ rọ ìdánwò nítorí pé obìnrin ni, kó kọ̀ ọ́. Ní Los Angeles, l'Ámẹ́ríkà, ọdún 1967 ni wọ́n dá SWAT, ikọ̀ ọlọ́pàá wọn fún iṣẹ́ tó léwu jù, sílẹ̀. Ó di 2008 kí obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ikọ̀ náà, ó lé ní ogójì ọdún. Ariwo tó sì tẹ̀lé e láàárín àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ni bóyá wọ́n ti dẹ ìdánwò náà. Ẹ rí i bó ṣe ń ṣe é: obìnrin náà lè gbé àpáta, bí wọ́n bá ti fura pé wọ́n dín àpáta kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ìdánwò kan náà fún gbogbo ènìyàn, òun ni ààbò obìnrin nínú ikọ̀.

Ṣé ẹ rò pé ọkùnrin tó ń kùn yẹn ló ṣe mí ní ibi jù? Rárá. Ẹni tó ń kùn ń fojú hàn, èèyàn á mọ ibi tó dúró sí. Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ràn mi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lẹ́nu iṣẹ́, ikọ̀ kan tí mo wà nínú rẹ̀ máa ń lọ mú àwọn adigunjalè inú omi lóru. Mo ti gba ẹ̀kọ́ tí àwọn yòókù gbà, ìbọn mi ò sì kùnà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ ṣí, ọ̀gá wa á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyàwó wa, ìwọ dúró ti rédíò, kí òtútù má mú ọ." Oore ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ náà ni mo jọ lójú rẹ̀ bóyá. Ọdún méjì ni mo fi dúró ti rédíò. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ mú àwọn tí yóò lọ ṣe kọ́ọ̀sì tó ga jù, ọ̀gá náà fi ìbànújẹ́ sọ fún mi pé mi ò ní ìrírí ojú iṣẹ́. Mi ò mọ èyí tí mo lè sọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi obìnrin míì tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé báàgì ìyàwó ọ̀gá ni wọ́n ń gbé kiri lọ́jà, tí wọ́n ń gba owó oṣù ẹṣọ́. Bàbá, ẹni tó bá ń káàánú ọmọ yín níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ ju ẹni tó ń bú u lọ.

Ohun kejì tó bá mi jà kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ̀wù ayẹta tí wọ́n fún mi, ara ọkùnrin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àyà ò gbà á, ẹ̀gbẹ́ sì ṣí sílẹ̀, bí mo bá fẹ́ gbé ìbọn sí èjìká, irin iwájú rẹ̀ á ti ìdí ìbọn kúrò. Wọ́n á ní obìnrin ò mọ ìbọn ọ́n yìn dáadáa. Ní ibi tí a pàgọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ló wà fún gbogbo wa, kò nílẹ̀kùn, aṣọ ìró mi ni mo ta síbẹ̀. Láti má baà máa jáde lóru, mi ò kì í mu omi lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún ìdí àti ìtọ̀ mi títí di òní. Ọ̀gá kankan ò ro ibẹ̀ rí, kì í ṣe pé wọ́n burú, kò kàn sí ẹni tó ń ró ìró láàárín wọn.

Ṣé ikọ̀ tiẹ̀ nílò wọn? Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Sèmè: kí ni wọ́n ń ṣe tí obìnrin bá di ẹrù fàyàwọ́ mọ́ abẹ́ ìró? Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní obìnrin ni kó wá ara obìnrin, àfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú. Láti 2014 tí Boko Haram ti ń di bọ́ǹbù mọ́ ọmọbìnrin lára ní Àríwá, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọmọlúàbí nìkan. Ẹ tún wo ilé tí a já lóru, tí ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ méje wà nínú rẹ̀, ẹni ta ni wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó sá kọlu ìbọn? Ní 2007, Íńdíà kó ọlọ́pàá obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí Làìbéríà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ikọ̀ obìnrin pọ́ńbélé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n ṣọ́ ọ́fíìsì ààrẹ, wọ́n kojú èrò nígboro, wọ́n sì ń pààrọ̀ ara wọn títí di 2016.

Àmọ́ kòtò kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọmọ náà ríran sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wá ara obìnrin nìkan ni wọ́n ń pè é, àlejò ikọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ ikọ̀. Kí ó máa wá ara wọn, kó sì tún wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń já. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin ló máa tú ikọ̀ ṣe, pé ká ní obìnrin pọ̀ nínú SARS, wọn ìbá má tú u ká ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Mo ti rí obìnrin tó gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó sì tún gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Obìnrin kì í ṣe ọṣẹ.

Ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ ni mi ò ní jiyàn lé lórí. Láti ọdún 1961 ni mobáìlì ti wà, ibi tí nǹkan bá ti gbóná ni wọ́n sì ń kó wọn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Ìlá Ọ̀ràngún ní Ọ̀ṣun, ó wà ní Ende Hills ní Nasarawa, ó wà ní ẹ̀bá Gwoza ní Borno. Ti Gwoza yẹn, Boko Haram kọlu ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ìyá ọmọ tó bá sunkún kò ṣàṣìṣe. Ohun tí mo kàn fẹ́ bi í ni pé, bó bá jẹ́ ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń lọ, ṣé yóò sunkún bákan náà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó sunkún, ẹkún ìyá ni. Bó bá jẹ́ pé ó máa gbàdúrà fún un kó sì dìde lọ se oúnjẹ, a jẹ́ pé ẹkún ẹlòmíràn ló ń bá sun.

Àfẹ́sọ́nà ni kókó tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín bá sọ̀rọ̀, ẹ pè é jókòó, kí ọmọ má sí níbẹ̀. Ẹ bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Bó bá ní ikú ni, tàbí pé wọ́n á máa gbé e láti ìpínlẹ̀ kan dé ìkejì, ta ni yóò tọ́jú ọmọ, ọ̀rọ̀ gidi ni, kí àwọn méjèèjì jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó pàdé pásítọ̀. Ọkọ mi àti èmi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kò rọrùn, ìyá rẹ̀ ló bá wa tọ́ àkọ́bí. Ṣùgbọ́n bó bá ń fọwọ́ họ orí, tó ń sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun á máa pe òun ní ọkọ mobáìlì, ẹ rántí Ẹ̀gbá ọdún 1851. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ lé e. Ó kàn yẹ kí ọmọ náà mọ èyí tó jẹ́ kó tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti bímọ méjì fún un.

Kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ti wà nínú ikọ̀ tó ń fojú sí, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá: ibo ni ẹ ń wẹ̀? Ẹ̀wù ta ni ẹ ń wọ̀? Ìgbà mélòó ni ẹ bá wọn jáde lóṣù tó kọjá? Àwọn ìbéèrè kéékèèké yìí ló ń sọ irú ikọ̀ tó jẹ́, ọ̀gá á kàn sọ pé obìnrin ni ìyá wa, a kì í fi wọ́n ṣeré.

Kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra báyìí. Kó máa fa ara rẹ̀ sókè lórí ọ̀pá, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ bí ò bá lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi di mẹ́wàá. Kó máa sáré lórí iyanrìn etíkun, títì ọ̀dà kì í kọ́ ẹsẹ̀. Bàtà tí wọ́n máa fún un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọkùnrin, kó tóbi jù. Kó ra tirẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu nísinsìnyí, kó máa wọ̀ ọ́ láti Ajárá dé Tòpó ní àràárọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó tán nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.